Ọyẹ́ Dé sí Ṣómólú

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ló kọ́kọ́ gbọ́.
Ní Ṣómólú, níbi tí a ti ń gé ọdún tuntun sí wẹ́wẹ́,
kàlẹ́ńdà ìjọ, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò táyà,
kàlẹ́ńdà olóògbé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ tò yí ká bí ẹyin,
ẹ̀rọ ìgéwèé mi kò sinmi láti ọjọ́ Mọ́ńdè.
Mo ti rí òpin ọdún tó ń bọ̀
kí n tó rí òpin èyí tí mo wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá wa, Alàgbà Ṣónẹ́yẹ, ní kò sẹ́ni tó ń lọ sílé
kí agogo mẹ́jọ alẹ́ tó lù.
Ó dáa.
Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ ní agogo mẹ́rin,
tí wọ́n ń wá ẹni tó máa fa jẹnẹrétọ̀,
ìṣẹ́jú méje yẹn, tèmi ni.
Mo sọdá sọ́dọ̀ onígúgúrú,
kọ́ńgò kan, ẹ̀pà díẹ̀ lórí rẹ̀,
nínú bébà tí èmi fúnra mi gé dànù lọ́sẹ̀ tó kọjá,
oṣù Kẹrin tí yíǹkì rẹ̀ fà.
Mo jẹ gúgúrú mi dé orí ọjọ́ Àjíǹde, mo gbọn ọwọ́.

Ní ọjọ́ mìíràn, yógọ́ọ̀tì dídì ni, tinú ọ̀rá.
"Nínú ọyẹ́ yìí?" ni Tìámíyù bi mí.
Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọyẹ́ yìí.
Eyín ń dùn mí, inú ń dùn mí,
dídùn méjì, owó kan.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an ni ti Sátidé.
Àwọn Àṣá Ọ̀sà gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan.
Obìnrin ni gbogbo wọn. Ìyùnadé ló ń ṣọ́lé,
Ìyùnadé tó ga bí òpó iná,
tó ń bá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀
bí ẹni ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò wí.
Lẹ́bàá ògiri, ọkùnrin kan tẹ́ tapólì:
stíkà, ife onírin, ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́,
àti ìborùn onírun, àwọ̀ ewé àti funfun,
ó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Ìborùn onírun! Ní Èkó!
Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ẹgbẹ́ náà.
Ojú tì mí, mo san mẹ́rin àtààbọ̀,
owó bàtà Kérésì.
Ẹ má tíì bú mi: bàtà tèmi ni, kì í ṣe tọmọ.

Wọ́n jẹ góòlù méjì, wọn ò dá ọ̀kan padà.
Èkejì gba àárín ẹsẹ̀ Ìyùnadé kọjá
bí ọmọ tó ń yọ́ jáde lọ ṣeré.
Nígbà tí pápá túká, ó wá sí ibi irin tí a dúró sí,
ó fi apá nu ojú, ó rí ọrùn mi.
"Ṣé kò gbóná?"
Mo ní, "Ó gbóná."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde ní ìdájí,
tí kùrukùru bo Báríga,
tí Afárá Kẹta pòórá láàárín eruku
tí ìró mọ́tò nìkan ń fi hàn pé ó ṣì wà,
mo máa ń wé e lẹ́ẹ̀mejì mọ́rùn.
Ó ń yún mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Tó bá di agogo mẹ́sàn-án, oòrùn ti gbàgbé pé ọyẹ́ wà,
mo ká a, mo fi sábẹ́ tábìlì,
níbi tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò lè dé.

Lánàá, kí a tó di kàlẹ́ńdà olóògbé náà,
mo fa ọ̀kan yọ, mo mú pẹ́ńsù,
mo kọ ọ́ wínníwínní sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kíní:
Àṣá. Oníkan. Agogo mẹ́rin.
Mo dá a padà sáàárín ẹgbẹ̀ta.
Ẹnì kan yóò gbé e kọ́ sára ògiri, bóyá ní Ìkòròdú,
yóò máa bi ará ilé léèrè
irú ẹyẹ wo ni Bàbá ń retí.